Ìdílé Ń Bọ̀ ní Hong Kong: Irú Ilé Oúnjẹ Kantonísì Wo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Kó Wọn Lọ?

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gba Hong Kong kọjá lọ ra ọjà ní Guangzhou máa ń jẹun kánmọ́kánmọ́ níbi tó bá sún mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Kò burú fún ẹni tó dá rìn. Ṣùgbọ́n tí màmá bá wá kí yín, tàbí tẹ́ ẹ kó ìyàwó àtàwọn ọmọ wá lo ìsinmi, ọ̀rọ̀ yí padà. Ohun tí mo máa ń rí ni pé èèyàn á wá orúkọ tó lókìkí jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á kó gbogbo ilé lọ síbẹ̀, wọ́n á dúró lójú títì títí ẹsẹ̀ ìyá àgbà á fi máa dùn ún, wọ́n á wá wọlé tán kí wọ́n tó mọ̀ pé irú oúnjẹ tí ọmọ lè jẹ kò sí níbẹ̀.

Irú ilé oúnjẹ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn, kẹ́ ẹ tó wá orúkọ. Àwọn Kantonísì, ìyẹn àwọn ará Guangdong àti Hong Kong, pín iṣẹ́ oúnjẹ láàárín ara wọn: ẹni tó ń sun ẹran kì í sábà ṣe dim sum (oúnjẹ kéékèèké tí wọ́n ń fi tíì jẹ), ẹni tó ń se ìrẹsì inú ìkòkò amọ̀ kì í ta búrẹ́dì oníbọ́tà. Kálukú ló ní wákàtí tirẹ̀ àti èrò tirẹ̀. Oríṣi márùn-ún ni mo fẹ́ fi wéra.

Ohun tí mo fi díwọ̀n wọn

Owó ló ṣáájú. Dọ́là Hong Kong ni mo fi ṣírò gbogbo rẹ̀. Láti 1983 ni wọ́n ti so owó yìí mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà, nǹkan bí 7.8 sí dọ́là Amẹ́ríkà kan, nítorí náà ó rọrùn láti mọ iye tó ń jáde lápò yín.

Lẹ́yìn owó ni ìdúró àti ìjókòó. Ṣé ẹ máa tò kẹ́ ẹ tó wọlé? Ṣé wọ́n máa fi yín há tábìlì àwọn tẹ́ ò mọ̀ rí? Ṣé àgbàlagbà lè fẹ̀yìn ti àga níbẹ̀ fún wákàtí kan láìsí ẹni tó ń dúró dè é pé kó dìde?

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì púpọ̀ fún wa, torí ilé Yorùbá tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti jọ ń jẹun ò lóǹkà. Ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú oúnjẹ Kantonísì ju ohun tí ojú ń rí lọ. Ọ̀rá rẹ̀ lè wà nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n fi yan nǹkan dídùn, egungun rẹ̀ sì lè wà nínú omi ọbẹ̀ tí wọ́n da sórí núdù. Wọ́n tún máa ń fi ọtí ìrẹsì rẹ ẹran. Ẹni tí edé kì í bá lára mu náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí edé gbígbẹ máa ń wà níbi tí èèyàn ò fọkàn sí.

Ní ti ata, kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹ̀ sọ pé wọn ò mọ oúnjẹ sè. Ohun tí alásè Kantonísì fi ń yangàn ni kí adùn ẹja fúnra rẹ̀ jáde, kí ti adìyẹ náà jáde, ata líle á sì bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ ṣá, ẹ sọ pé “laat jiu”, wọ́n á gbé ata inú abọ́ kékeré wá. Ẹ tọ́ oúnjẹ náà wò láìsí ata ná.

Dim sum òwúrọ̀

Láti àárọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n ń ta á. Tíì gbígbóná á wà lórí tábìlì, agbọ̀n oparun kéékèèké á sì máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú agbọ̀n kan, tí gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì jọ ń pín. Fún ìdílé tó ní àgbà àti ọmọdé, mi ò mọ èyí tó dára jù ú lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ kan ṣoṣo títí yóò fi yó. Ọmọ tó bá jẹ ẹ̀kan tí kò fẹ́ ẹ mọ́, òmíràn ń bọ̀ lọ́nà.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé wá ni har gow, edé tí wọ́n fi ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé débi pé ẹ lè rí pípọ́n edé náà látìta. Inú har gow ni wọ́n ti ń mọ alásè tó gbọ́n: tí ìyẹ̀fun rẹ̀ bá ya tàbí tó bá lẹ̀ mọ́ agbọ̀n, ọwọ́ alásè ibẹ̀ kò tíì dá múṣémúṣé. Cheung fun máa ń tẹ̀ lé e, ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi ooru omi sè, tí wọ́n wá ká lé ẹran màlúù tàbí edé lórí. Ó rọ̀ lẹ́nu, àgbà tí eyín rẹ̀ ò lágbára mọ́ lè jẹ ẹ́. Ẹsẹ̀ adìyẹ náà wà, tí wọ́n ti dín, tí wọ́n tún fi ooru sè pẹ̀lú ẹ̀wà dúdú oníyọ̀ títí egungun fi ń bọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ìyá wa kì í sábà dá èyí padà. Fún ọmọdé, dan tat ni, kéèkì pẹlẹbẹ kékeré tí ẹyin àti ṣúgà kún inú rẹ̀, tàbí ma lai go, kéèkì tí wọ́n fi ooru sè tó fúyẹ́ púpọ̀.

Siu mai àti char siu bao lókìkí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú méjèèjì, ti siu mai tiẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ mọ́ edé. Kéèkì radish tí wọ́n dín lórí páànù, lo bak go, dà bí ohun tí kò lẹ́ran nínú lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Sọ́sééjì ẹlẹ́dẹ̀ àti edé gbígbẹ máa ń wà nínú rẹ̀. Mùsùlùmí tó bá wà láàárín yín kò ní láti jókòó kó máa wo ẹnu àwọn yòókù: ní Wan Chai, ní 40 Oi Kwan Road, mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà tí ilé oúnjẹ rẹ̀, Islamic Centre Canteen, ń ṣe dim sum hàlálì lórí àjà karùn-ún. Ilé oúnjẹ lásán ni, kò sí ọ̀ṣọ́, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Fún ìdílé tó jẹ́ Mùsùlùmí látòkè délẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ tààrà.

Àárín 100 sí 200 dọ́là Hong Kong lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa ń jẹ́ níbi tó mọ níwọ̀n. Wọ́n pín agbọ̀n sí kékeré, àárín, ńlá àti àkànṣe, iye kálukú sì yàtọ̀, ẹ ó rí i lórí ìwé tí wọ́n fi ń sàmì sí ohun tẹ́ ẹ béèrè. Ẹ mọ̀ pé owó tíì wà lórí ẹni kọ̀ọ̀kan, pé wọ́n máa ń fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún iṣẹ́ agbáwo, àti pé ẹ̀pà tàbí ẹ̀fọ́ kíkan tí wọ́n gbé kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ béèrè kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ lè ní kí wọ́n gbé e kúrò. Láti nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, àwọn ibòmíràn máa ń dín owó kù, ìgbà yẹn gan-an sì ni èrò kì í pọ̀.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa lọ: Maxim's Palace tó wà nínú City Hall ní Central ṣì ń fi kẹ̀kẹ́ ti oúnjẹ kiri láàárín tábìlì. Ìyẹn dára púpọ̀ fún àwọn tó ní ọmọ àti fún ẹni tí kò lè ka ìwé oúnjẹ, nítorí ojú á ti rí i kí ọwọ́ tó nà án. Luk Yu ti wà láti 1933, pákó dúdú àti fáànù àjà, ó lẹ́wà, ó sì wọ́n. Tim Ho Wan tí Mak Kwai-pui dá sílẹ̀ ní 2009, lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ ní Lung King Heen ní hòtẹ́ẹ̀lì Four Seasons, gba ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ tó lókìkí fún ilé oúnjẹ, pẹ̀lú dim sum olówó pọ́ọ́kú, búrẹ́dì ẹlẹ́dẹ̀ yíyan rẹ̀ sì tọ́ sí orúkọ tó ní. Àmọ́ tábìlì ibẹ̀ há, ìlà sì gùn. Tọkọtaya ni kó lọ síbẹ̀, kì í ṣe màmá ẹni ọdún 70.

Ohun kan wà nínú dim sum tó máa dùn mọ́ àwọn òbí wa: ọmọdé ló ń bu tíì fún àgbà, kò sì gbọ́dọ̀ bu tirẹ̀ kó tó bu ti àwọn tó jù ú lọ. Ẹni tí wọ́n bu tíì fún á fi ìka méjì gbá tábìlì díẹ̀ láti dúpẹ́. Tí omi bá tán nínú ìkòkò tíì, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, agbáwo á ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, inú wọn á dùn láti ṣe é.

Ilé ẹran sísun

Ẹ ó mọ̀ ọ́n látòkèèrè: ẹran sísun so rọ̀ lẹ́yìn gíláàsì, ọ̀rá ń kán, alápatà sì dúró nídìí igi pẹ̀lú ọ̀bẹ ńlá. Char siu, ẹlẹ́dẹ̀ olóyin, wà níbẹ̀, pẹ̀lú ikùn ẹlẹ́dẹ̀ tí awọ rẹ̀ ń ró lẹ́nu, adìyẹ inú soy sauce, àti pẹ́pẹ́yẹ ńlá tí òyìnbó ń pè ní goose, èyí tó jẹ́ ọba wọn. Àwo ìrẹsì kan tí wọ́n to ẹran lé lórí máa ń jẹ́ 50 sí 80 dọ́là, goose á wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí oríṣi mìíràn tí owó rẹ̀ kéré tó báyìí tí èèyàn á sì jẹ ẹran tó báyìí.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó fún ìdílé ni ìjókòó. Yàrá kékeré ni, ẹ máa pín tábìlì pẹ̀lú àjèjì, ogún ìṣẹ́jú lẹ fi máa jẹun. Mùsùlùmí kò sì lè fọkàn balẹ̀ níbẹ̀ bó bá tiẹ̀ jẹ́ adìyẹ ló rà, nítorí igi kan náà àti ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n fi ń gé ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: adìyẹ funfun tí wọ́n fi omi gbígbóná sè díẹ̀díẹ̀, bak chit gai, egungun rẹ̀ lè pọ́n nínú nígbà tí ẹran rẹ̀ ti jinná dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń se é nìyẹn. Àgbà tó bá rí i á fẹ́ dá a padà. Ẹ ra ti soy sauce fún un.

Yung Kee ní Central, tó ti wà láti 1942, ni ilé goose tó láyè fún àgbà, tó sì ṣeé gba ààyè sílẹ̀, ẹ ó kàn san owó ìrọ̀rùn yẹn. Kam's Roast Goose ní Wan Chai, tí ẹnì kan láti inú ẹbí kan náà ṣí ní 2014, kéré, èrò sì máa ń tò. Ohun tí èmi máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú ni pé kí wọ́n ní kí wọ́n gé ìdajì goose fún wọn ní ilé ẹran tó wà ládùúgbò, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n dé sí. Àwọn ará Hong Kong fúnra wọn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí àlejò bá dé lójijì.

Cha chaan teng

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni irú ilé oúnjẹ yìí gbilẹ̀, nígbà tí mẹ̀kúnnù fẹ́ tọ́ oúnjẹ òyìnbó wò tí owó rẹ̀ kò sì ká hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n gbà á, wọ́n sì yí i padà di tiwọn: makarónì inú omi ọbẹ̀, ẹyin rírò pẹ̀lú búrẹ́dì yíyan, búrẹ́dì dídín tí wọ́n fi bọ́tà ẹ̀pà sí láàárín, ìrẹsì yíyan nínú ọbẹ̀ tòmátò. Ọmọ tí kò fẹ́ rí ẹsẹ̀ adìyẹ sójú á rí ohun jẹ níbí.

Tíì mílíìkì wọn ni kẹ́ ẹ má fi dù ara yín. Tíì dúdú ni, ó le, wọ́n ń fi àpò aṣọ sẹ́ ẹ léraléra, wọ́n wá fi mílíìkì agolo sí i, kì í ṣe mílíìkì tútù. Mílíìkì Black & White tó gbajúmọ̀ níbẹ̀ wá láti ọwọ́ FrieslandCampina, ilé iṣẹ́ ará Netherlands kan náà tó ń ṣe Peak tí gbogbo wa mọ̀, nítorí náà ahọ́n wa kì í jìyà kó tó mọ̀ ọ́n. Ní 2017, Hong Kong fi ọgbọ́n ṣíṣe tíì yìí sínú àkójọ àwọn àṣà ìbílẹ̀ tó jẹ́ àmúyangàn fún un. Lan Fong Yuen ní Gage Street ti ń ta á láti 1952.

Owó rẹ̀ jẹ́ 40 sí 70 dọ́là fún oúnjẹ pẹ̀lú ohun mímu, ó sì wà káàkiri àdúgbò gbogbo láti àárọ̀ dé alẹ́. Ìwà wọn yára, kò sí ẹ̀rín púpọ̀. Ìkanjú ni, kì í ṣe pé wọ́n ń bú yín. Ẹ yẹra fún àwọn tó lókìkí tí àlejò ń tò sí, ẹ lọ sí èyí tó wà lábẹ́ ilé tẹ́ ẹ dé sí. Ẹyin àti búrẹ́dì kò ní ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n hamù máa ń wà nínú makarónì, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé e wá.

Oúnjẹ alẹ́ nídìí tábìlì yíká, àti ẹja etí òkun

Ilé ńlá tó ń ta dim sum láàárọ̀ máa ń di ilé oúnjẹ ìdílé lálẹ́. Tábìlì yíká tí àárín rẹ̀ ń yí, odidi adìyẹ, odidi ẹja, ẹ̀fọ́ gai lan, ọbẹ̀ omi tí wọ́n ti gbé kaná fún wákàtí púpọ̀. Wọ́n máa ń ní àpapọ̀ oúnjẹ tó ní iye kan pàtó fún ẹni mẹ́rin, mẹ́fà tàbí méjìlá. Tẹ́ ẹ bá ju márùn-ún lọ, ẹ béèrè fún un, kò ní jẹ́ kí owó yà yín lẹ́nu.

Ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ ìrántí á lọ sí Lei Yue Mun tàbí Sai Kung, níbi tí ẹja ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àpótí omi. Ẹ ó ra ẹja láàyè lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, ilé oúnjẹ á sì gba owó sísè. Níbí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ jù lọ, torí ibi tí owó ti lè bọ́ lápò nìyí. Catty ni ìwọ̀n wọn, nǹkan bíi gíráàmù 605, kì í ṣe kílò. Ìwọ̀n tael sì wà, mẹ́rìndínlógún nínú catty kan. Ẹni tí kò bá béèrè lè rò pé iye tael ni iye catty. Ẹ béèrè iye ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n níwájú yín, kí wọ́n kọ àròpọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún béèrè owó sísè kí ẹja tó kúrò nínú omi. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí yín. Àwọn ará ìlú náà ń béèrè.

Ẹja náà á dé ní odidi, tí wọ́n fi ooru omi sè, pẹ̀lú atalẹ̀, àlùbọ́sà eléwé, soy sauce àti òróró gbígbóná tí wọ́n dà lé e. Wọ́n máa ń kọ orí rẹ̀ sí ẹni tí wọ́n ń bọlá fún jù lọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ màmá. Tí ẹ bá jẹ ẹ̀gbẹ́ kan tán, ẹ má yí i padà, èèwọ̀ àwọn apẹja ni, torí wọ́n kà á sí pé ọkọ̀ máa dojú dé. Ẹ yọ egungun àárín kúrò, kẹ́ ẹ máa jẹ lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń fà sí ata, kó ní kí wọ́n se akàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní bei fung tong, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń sá fún ìjì: ááyù dídín tó pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní pẹ̀lú ata gbígbẹ.

Ẹ múra 300 sí 600 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá sì yan ẹja tó ṣọ̀wọ́n, ó máa jù bẹ́ẹ̀. Sai Kung kò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bọ́ọ̀sì ni, ìrìn àjò náà sì gùn fún ọmọ kékeré lálẹ́. Lei Yue Mun ni kí ẹni tó kó ọmọ dání yàn.

Ìkòkò amọ̀ àti congee

Òtútù ló ń mú kí ìrẹsì inú ìkòkò amọ̀ dùn jù. Wọ́n ń sè é lẹ́nu iná lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó máa ń gba bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ebi ń pa kò ní lè dúró. Àmọ́ ẹni tó máa ń bá ọmọdé du ìdí ìkòkò nílé á gbádùn rẹ̀, torí ìrẹsì tó gan mọ́ ìsàlẹ̀ náà ni alásè fi ń yangàn. Ẹ béèrè ti màlúù àti ẹyin. Sọ́sééjì ẹlẹ́dẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Nǹkan bí 70 sí 120 dọ́là ni.

Congee ń kọ́? Ìrẹsì tí wọ́n sè títí ó fi yọ́ ni, pẹ̀lú ẹja tàbí màlúù nínú. Owó kékeré ni. Màmá tí ìrìn ọkọ̀ òfuurufú ti rẹ̀, tí kò fẹ́ rí ọ̀rá, ẹ wá èyí fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, kẹ́ ẹ fi dim sum sílẹ̀ títí di ọjọ́ kẹta.

Ta ló yẹ kó yan èwo

Tí àgbà àti ọmọdé bá jọ wà nídìí tábìlì, dim sum ni, láàárín ọ̀sẹ̀, kí aago mọ́kànlá tó lù. Lọ́jọ́ Àìkú gbogbo ìlú ló ń kó ìyá wọn jáde, ẹ ò ní rí àga. Tí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, Oi Kwan Road láàárọ̀. Ní alẹ́, oúnjẹ ẹja lè ṣeé ṣe fún ẹni tí kò bá ka ìkòkò tí wọ́n ti fi se ẹlẹ́dẹ̀ sí, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ọtí sí i. Ẹni tó bá ka ìkòkò sí, kó má lọ.

Ẹni tó ń ṣọ́ owó, tó sì ní ọmọ tó ń yan oúnjẹ, cha chaan teng ni kó lọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kó fi owó tó ṣẹ́kù ra goose gbé lọ sí yàrá. Mẹ́fà sókè, tí ọ̀kan nínú wọn ń ṣe ọjọ́ ìbí: tábìlì yíká lálẹ́, pẹ̀lú àpapọ̀ oúnjẹ tó ní iye kan pàtó, kẹ́ ẹ gba ààyè sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Etí òkun wà fún ẹni tí owó rẹ̀ tó, tí kò sì ní ọmọ tó ti ń sùn ní aago mẹ́jọ. Tó bá jẹ́ àkókò ọdún tuntun àwọn Ṣáínà lẹ ń bọ̀, ẹ pe ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kẹ́ ẹ tó gbéra, torí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kéékèèké máa ń tì fún ọjọ́ mélòó kan.